Ẹni Kan Ló Ti Wò Ó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń gbajúmọ̀ tó sì tún ń di ẹni ẹ̀gàn lójúmọ́ kan náà, ẹ lọ bi Oníná. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, abiyamọ ọlọ́mọ méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa wáyà sínú ilé, kó máa so gílóòbù, kó máa wá ibi tí iná ti ń sá lọ nínú ògiri. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìbí, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Oníná, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò náà ń pè é ní Oníná mi.

Ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò. Kò ṣe é nítorí òkìkí o. Ó ti sú u láti máa lọ sílé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé onílé ò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ fíúsì. Ó gbé fóònù lé orí àpótí irinṣẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ wá wo nǹkan," ó sì fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é síṣẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tó bá ṣe, mẹ́jọ ló ń ti orí fóònù wá.

Ibẹ̀ ni Olùfẹ́-Òtítọ́ ti rí i.

Ta ni Olùfẹ́-Òtítọ́? Ẹ̀yin náà ẹ bá mi bi í. Kò lójú, kò nímú, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Òdòdó pupa kan ló fi síbi tó yẹ kí àwòrán ojú rẹ̀ wà, òdòdó tó rẹwà, tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Òdòdó yìí ló ń la ẹnu bú obìnrin láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, bí ẹni tí dókítà kọ oògùn fún. Oníná á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fídíò síta, kò ní tíì pé ìṣẹ́jú méjì, òdòdó ti dé. "Obìnrin tó ń gun àkàbà, kí ló fẹ́ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa wò?" "Ọwọ́ tó yẹ kó fi wẹ ọmọ ló fi ń di wáyà mú, abájọ táwọn ọmọ ẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ yẹn." Ìwọ̀nyí ṣì ni èyí tí ẹnu gbà, tí mo lè sọ fún yín. Èyí tó kù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù méje gbáko sì ni wọ́n fi ń rọ̀jò lé e lórí.

Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn náà ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ti jọ ní gbólóhùn asọ̀ rí ni? Òdòdó fèsì pé òun ò mọ̀ ọ́n rí, òtítọ́ nìkan lòun fẹ́ràn. Oníná wá fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tó ni ojú òpó náà. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ti wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, kò lòdì sí òfin àwọn. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n yọ fídíò kan kúrò. Ti Oníná ni. Wọ́n ní ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun ti sọ fáwọn pé iná inú rẹ̀ léwu fọ́mọdé.

Ó bá kọrí sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mú fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ Oníná, ó kọ ojúlé rẹ̀, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ àti tọkọ rẹ̀. Ó wá dé ibi orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Olùfẹ́-Òtítọ́."

"Orúkọ ẹ̀ gan-an gan-an ńkọ́?"

"Ọ̀gá, bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mo máa da yín láàmú?"

Ọlọ́pàá gbé bírò sílẹ̀. "Màdáámú, a ò lè fi àyè yìí sílẹ̀ lófìfo. Ẹ lọ wá orúkọ ẹ̀ àti ilé ẹ̀ wá, kíá la máa gbé e." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí kẹ́ ẹ kúkú fi fóònù yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ sinmi?"

Ẹni tó ń tù ú nínú nígbà náà kò ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá náà, torí kì í gbóhùn sókè. Bí oníbàárà bá ń pariwo lé e lórí, á ní, "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, a máa yanjú ẹ̀." Ọdún mẹ́rin ni Oníná fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà táwọn ọ̀gá yòókù ní àwọn ò lè fi obìnrin sábẹ́ àkàbà àwọn. Òun ló gbà á. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bó wáyà láìgé e, òun ló kọ́ ọ kó máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan nǹkan kó tó fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú. Oníná fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn bàbá.

Nítorí náà, bí èébú tuntun bá ti dé, ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló máa ń gbà lọ. Bàbá á mú gíláàsì rẹ̀ wọ̀, á gba fóònù, á kà á láti òkè délẹ̀, á mirí, á pòṣé. "Ọmọ mi, ayé mà ti bàjẹ́ o. Ẹni tó ń sọ irú èyí, ṣé obìnrin kọ́ ló bí i ni?"

"Ọ̀gá, mo fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe é."

"Má wá a kiri o. Kí lo fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ ṣe? Fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run." Á wá ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan fún un. Oníná á mu ún, ara á tù ú, á padà sílé.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ náà tó dé iwájú ẹbí, Oníná ṣe fídíò kan tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́: bí wọ́n ṣe ń so gílóòbù àtẹ̀gùn mọ́ súìṣì mẹ́ta, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè tàn án, kí ẹni tó wà láàárín lè pa á, kí ẹni tó wà lókè náà lè tún un tàn. Súìṣì méjì ò le, ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọdún kan á ṣe é. Súìṣì mẹ́ta yẹn lọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ̀, wọn á kàn sọ fún onílé pé kò ṣeé ṣe. Wáyà rẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ jọra wọn, ó sì ń da ojú láàmú. Téèpù tí Oníná fi máa ń sàmì sí wáyà ti tán lọ́jọ́ náà. Kí ló ṣe? Ó wọ yàrá, ó mú kútẹ́ẹ̀sì tó fi ń kun èékánná, èyí tó ní àwọ̀ píǹkì, ó kán an sí ọrùn wáyà wọ̀nyẹn: ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì, ẹ̀kán mẹ́ta. "Ẹ ò gbọdọ̀ ṣì í," ló ń wí. "Ẹlẹ́ẹ̀kán kan lọ sókè, ẹlẹ́ẹ̀kán méjì lọ sísàlẹ̀." Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n tó dá.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni fídíò náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló gbé e síta, ó sì dúró tì í. Fóònù sọ fún un pé ẹni kan ló ti wò ó. Kò pẹ́ rárá tí òdòdó fi yọ: "Ẹ wo aṣẹ́wó tó ń fi kútẹ́ẹ̀sì ṣe iná. Ó ti fi ìyókù kun èékánná fáwọn onílé tó ń sùn tì." Oníná wo èékánná ara rẹ̀, ìtìjú bò ó bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò dáa. Ó pa fídíò náà rẹ́. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ tó wà níta, ẹni kan náà yẹn ṣì nìkan ló wò ó. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó sunkún títí ọ̀fun fi dùn ún.

Ìgbà tí òdòdó rí i pé fídíò lọ, ó gbàgbọ́ pé òun ti ń ṣẹ́gun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ pé: "Iná wo ló ń tún ṣe nínú yàrá oníyàrá fún wákàtí mẹ́rin?" Ó tún kọ ọ́ pé: "Mo mọ géètì ilé rẹ, aláwọ̀ ewé. Mo mọ ìgbà táwọn ọmọ rẹ ń dé láti ilé ìwé." Obìnrin onílé mẹ́ta fagi lé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, wọ́n ní ọkọ àwọn máa wá ọkùnrin ṣe é. Oníná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn wò bó ṣe ń lọ.

Àǹtí Àgbà gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin nìyẹn, ẹni tó tọ́ ọkọ rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ abẹ gé e nínú ẹbí náà. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ìyàwó, ohun tí mo gbọ́ yìí ò dáa."

"Ṣé ẹ ti kà á ni, Àǹtí?"

"Kí n kà á kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ́ kójú mi rí i. Ṣùgbọ́n tí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ló dé tí wọn ò bú èmi? Pa ojú ìwé yẹn dé, kó o wá iṣẹ́ tó jẹ́ ti inú ilé."

"Àǹtí, inú ilé náà kúkú ni mo ti ń ṣe é."

"Inú ilé onílé!" Àǹtí Àgbà kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ọkọ Oníná ń wo àjà bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀. "Lọ́jọ́ Àìkú, ẹbí máa jókòó. Ohun tá a bá fẹnu kò sí nìyẹn, ó sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ pe ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kó wá bá wa dá sí i, àgbà tí kì í pariwo yẹn. Ìyàwó rẹ máa gbọ́ tiẹ̀."

Ẹ wò ó, bí ẹ bá mọ Oníná, ẹ ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ nǹkan mìíràn. Bó bá tún iná ṣe tán tí ilé kan tàn yòò, tí gbogbo wọn pariwo "Yéè!", orí rẹ̀ máa ń wú dọ́la. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n máa dá a lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí òun kọ́ ló sọ, ẹni tó sọ ọ́ kò sì ní sí níbẹ̀. Ohun tóun náà rò nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, Màmá Nọ́ọ̀sì, òun ló ń gbé lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta kan ní ìkòríta kejì.

"Ìwọ lobìnrin tó ń ṣe iná?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi kì í wo fóònù. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ, kò sì kàn mí. Ṣé o mọ iná ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ó yá, máa bọ̀."

Súìṣì àtẹ̀gùn ló ń yọ Màmá Nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ti ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ti àárín ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti òkè, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á kàn dún kà, kò sí nǹkan míì. "Ìjẹta ni mo ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú òkùnkùn, díẹ̀ ló kù kí n já ṣubú. Kó o sì máa wò ó, èèyàn pàtàkì ló ṣe é fún mi o. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ní òun ń bọ̀ lọ́la, jẹ́jẹ́ náà ni kò ṣe gbé fóònù mi mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn, mà," ni Oníná wí kíá, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ bú bàbá rẹ̀. "Bóyá eku ló jẹ wáyà."

Ó pa iná láti orísun, ó tú súìṣì ìsàlẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, ó mọ́, iṣẹ́ àgbà. Lọ́rùn ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ni kútẹ́ẹ̀sì wà, aláwọ̀ píǹkì: ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì, ẹ̀kán mẹ́ta.

Oníná bú sẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn! Ọ̀gá òun ń wo fídíò òun, kò kàn sọ fún òun ni! Ó rí i lójú inú bí bàbá onírùngbọ̀n funfun ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra kútẹ́ẹ̀sì, tó ń sọ fún òǹtajà pé ọmọ òun obìnrin ló rán òun. Bàbá yìí ní téèpù kún àpótí o. Ó ti gbà gbọ́ pé kútẹ́ẹ̀sì wà lára iṣẹ́ náà ni, pé láìsí i iná ò ní tàn.

Ó gòkè lọ sí ti àárín, bákan náà ni. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó dé òkè tó tú súìṣì ibẹ̀. Kò sí ẹ̀kán kankan níbẹ̀. Wọ́n kàn rọ́ wáyà sínú rẹ̀ wúrúwúrú ni, wọ́n lọ́ méjì pọ̀, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ tó ń mì dirodiro. Ìgbà yẹn ló tó bi ara rẹ̀ pé fídíò wo gan-an ni ọ̀gá òun wò. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nínú fídíò tó pa rẹ́ yẹn, ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so ti àárín tán ni, ó ní, "Ó ku ti òkè." Lásìkò yẹn ló pa á rẹ́. Ẹni tó ń wò ó níbòmíràn rí ìsàlẹ̀, ó rí àárín, kò rí òkè. Ẹni kan ló sì wò ó. Ẹni yẹn ló kọ́kọ́ bú u ní aṣẹ́wó, ó wá fara balẹ̀ jókòó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ aṣẹ́wó, èébú tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì gba ẹ̀kọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó kọ́ ọ tán.

Ó gbìyànjú láti dá a láre. Ó ní bóyá ẹlòmíràn ló fi hàn án, bóyá òun ò ka iye tó wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ò lè di méjì nítorí pé a fẹ́ràn èèyàn. Ó rántí gbogbo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù yẹn.

"Ṣé ó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?" ni Màmá Nọ́ọ̀sì bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó bàjẹ́, mà." Ó ya àwòrán wáyà wọ̀nyẹn, ó fi téèpù dí ẹnu èyí tó ń mì, ó bò ó. "Lọ́jọ́ Ajé ni màá wá ṣe é parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì gòkè títí dìgbà yẹn."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pè é. "Ọmọ mi, mò ń bọ̀ lọ́la o. Má fòyà. Mo wà lẹ́yìn rẹ." Oníná ní, "Mo mọ̀, ọ̀gá."

Ọjọ́ Àìkú pé. Ẹbí jókòó sí pálọ̀: Àǹtí Àgbà lórí àga ńlá, ọkọ Oníná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ méjì lórí ìjókòó gígùn. Wọ́n fún Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ní àga tó rọ̀ jù, wọ́n gbé tíì síwájú rẹ̀. Àǹtí Àgbà ṣàlàyé pé orúkọ ìdílé wà nínú ewu. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dá ọ̀fun, ó ní jẹ́jẹ́ ni ká ṣe ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ òun ni Oníná, ọmọ dáadáa sì ni, ṣùgbọ́n ayé òde òní ò ṣeé gbára lé, bó bá lè jìnnà sí ojú fóònù díẹ̀, tó bá lè jẹ́ kí àwọn ọkùnrin gba iṣẹ́ kan fúngbà díẹ̀, ariwo náà á rọlẹ̀. Gbogbo wọn ń mirí pé àgbà ń sọ̀rọ̀.

Oníná dìde. "Mo gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Nínú gbogbo yín, ta ló ti ka ohun tí wọ́n kọ?"

Àwọn àbúrò bàbá kọjú sí Àǹtí Àgbà.

Ó fa fóònù lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bá mi kà á sókè, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń dá mi lẹ́jọ́ lé lórí."

"Háà, ọmọ mi, kò yẹ ká fi irú ẹ̀ dọ̀tí pálọ̀ àwọn èèyàn."

"Ẹ kà á, ọ̀gá," ni Àǹtí Àgbà wí. "A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́."

Bàbá mú gíláàsì wọ̀. Ó ka ti àkàbà. Ó ka ti ọmọ wíwẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Ó ka ti kútẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́ lásán lójú fóònù wá di ohùn ọkùnrin àgbà láàárín pálọ̀, ó ń pe ìyàwó ilé ní aṣẹ́wó níṣojú ọkọ rẹ̀. Àǹtí Àgbà fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá dé ibi géètì aláwọ̀ ewé, ó dé ibi ìgbà táwọn ọmọ ń ti ilé ìwé dé, ó wá dé ọ̀kan tó tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n kọ pé ó yẹ kí àwọn ọkùnrin mẹ́rin fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Ẹ máa kà á lọ, ọ̀gá. Ó lé ní igba."

"Mi ò lè... Ọmọ mi, mi ò lè sọ irú eléyìí sí ọ lójú."

"Àbí ta ló ń sọ irú ìyẹn sí ìyàwó wa?" Àǹtí Àgbà ti dìde. "Ta ni? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi!"

Oníná fi àwòrán àtẹ̀gùn Màmá Nọ́ọ̀sì hàn wọ́n. Ó ṣàlàyé ìsàlẹ̀, ó ṣàlàyé àárín, ó ṣàlàyé òkè, bó ṣe máa ń ṣàlàyé fáwọn èèyàn rẹ̀ orí fóònù. Ó ní ẹni kan ló wo fídíò náà. Kò nàka sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló fúnra rẹ̀ yọ gíláàsì, ló rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àga tó rọ̀ yẹn, tó kúnlẹ̀.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bú," ló ń wí. "Ọlọ́run ló mọ̀, ẹni inú fóònù yẹn ni. Tẹ́lẹ̀, èmi ni gbogbo wọn ń pè. Mo ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀, kò sẹ́ni tó yà. Bí mo bá ti kọ ọ́, ara á fúyẹ́. Bó o bá wá dé tó ò ń sunkún, ó ń dùn mí, ó ń dùn mí gan-an ni."

"Ó ń dùn yín?" Ohùn Oníná lọ sókè. "Ọ̀gá, mo ń wo ẹ̀yìn wò tí mo bá ń mú ọmọ bọ̀ láti ilé ìwé! Ẹ̀yin ni mo ń wá sá bá!"

Àǹtí Àgbà gbé ife tíì kúrò níwájú bàbá.

"Ẹ dákun, ẹ bò mí láṣìírí," ni bàbá wí. "Bí àdúgbò bá gbọ́, ta ló máa jẹ́ kí n wọ ilé òun mọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹbí, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá wúkọ́, ó ní àgbà ni o. Èkejì ní ó ti jẹ́wọ́, kí ló tún kù? Àǹtí Àgbà fúnra rẹ̀, ìbínú náà ti ń tutù, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìyàwó, máa ṣe iṣẹ́ rẹ lọ, a ò dí ọ lọ́wọ́ mọ́. Kí ọ̀gá jáwọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yìí pin síbí, kí orúkọ má jáde." Gbogbo wọn mirí. Ó dára lójú wọn.

"Orúkọ mi jáde," ni Oníná wí. "Ojú mi jáde. Géètì ilé wa jáde. Tiwọn nìkan ni kò gbọdọ̀ jáde."

"Ìyàwó, mú sùúrù..."

"Àǹtí, ìṣirò yìí ò pé." Ọkọ Oníná ni. Kò tíì ta ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. "Kò pé rárá. Ẹ tún un ṣe."

Àǹtí Àgbà wò ó títí, bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde rìn. Ó wá yíjú sí bàbá tó wà nílẹ̀. "Ẹ mú fóònù yín, ọ̀gá. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ lẹ ó ti kó o jẹ."

Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ó yọ òdòdó, ó fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: èmi ni mo ń bú obìnrin yìí, irọ́ ni gbogbo rẹ̀, òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ súìṣì mẹ́ta. Ó fi ránṣẹ́. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí èsì fi wọlé. Ẹnì kan tó fi ológbò onígíláàsì dúdú síbi àwòrán ojú rẹ̀ ni, àwọn tó wà ní pálọ̀ ò mọ̀ ọ́n, bàbá náà ò mọ̀ ọ́n. Bàbá kà á. Wọ́n bú irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n bú ìyàwó rẹ̀ tó ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn mọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ibùdókọ̀ yẹn dáadáa. Ó gbé ojú sókè wo Oníná, omi ti kún un.

"Ta lẹni yìí?" ló bi í. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Kí ló dé tí ò forúkọ ara ẹ̀ sí i?"

Àánú rẹ̀ ṣe Oníná, inú sì bí i gidigidi pé àánú rẹ̀ ṣe é.